Òrùka Signature ti Burris: bí ó ṣe ń de awò mọ́ ìbọn láì fi àpá sí i lára

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tú awò ìbọn kan, ohun tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ yìnbọn sí, kúrò nínú òrùka irin tí ó ti wà fún ọdún méjì, ohun tí mo rí lára ọ̀pá rẹ̀ dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ilà fàdákà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká níbi tí òrùka iwájú ti jókòó sí, ilà gígùn kan sì wọ́ láti ibẹ̀ lọ síwájú, èyí tí ó fi hàn pé awò náà ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn. Awò náà kò fọ́, ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ tà á fún wo àwọn ilà náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dá a padà lé mi lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe òrùka yẹn, nítorí pé nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ìdajì ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá òrùka tí kò ní fi eyín jẹ ohun tí ó dì mú, òrùka Signature tí ilé iṣẹ́ Burris ti ìlú Greeley ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà, ń ṣe ni mo sì wá dúró lé lórí. Mo ti lò ó lórí ìbọn .22 kan àti lórí ìbọn .308 Winchester kan (ìwọ̀n ọta wọn ni nọ́ńbà yìí; .22 kéré, .308 sì tóbi), mo ti tú u, mo sì ti tún un dè lọ́pọ̀ ìgbà, débi pé mo lè sọ ohun tí ó ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń dáàbò bò. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀pá awò òde òní, àwọ̀ dúdú tí ó wà lára rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀dà tí a kùn. Wọ́n a ri ọ̀pá náà sínú omi ásíìdì, wọ́n a sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá títí ojú alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ yóò fi di èèpo líle. Inú àwọn ihò wínníwínní tí ó wà lára èèpo yìí ni aró dúdú máa ń wọ̀ sí kí wọ́n tó dí wọn pa. Èèpo náà le ju alumíníọ̀mù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni a fi ń wọn nínípọn rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́, kò ní í hàn lára rẹ̀. Àmọ́ bí etí irin mímú bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan ṣoṣo, alumíníọ̀mù rírọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò bu sínú, èèpo yóò ya bí èèpo ẹyin, fàdákà yóò sì yọjú. Kò sí àtúnṣe gidi fún un mọ́ lẹ́yìn èyí. Bírò dúdú lè bò ó fún ẹni tí ó ń wò ó láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tún èèpo náà ṣe ní láti tú awò palẹ̀ pátápátá, gáàsì nitrogen tàbí argon tí wọ́n dì sínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà máa ṣú nítorí ọ̀rinrin yóò sì jáde lọ.

Níbo ni etí mímú náà ti ń wá? Nígbà mìíràn, ẹni tí ó gé òrùka ni kò fi fáìlì yọ etí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ ni pé òrùka iwájú àti ti ẹ̀yìn kò wà lójú ìlà kan náà. Ihò tí wọ́n lu sórí ìbọn lè yà bí irun orí, ìjókòó tí a de òrùka mọ́ lè ga níwájú ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, òrùka kan sì lè kọ ojú sí ọ̀tún nígbà tí ìkejì kọ ojú sí òsì. Ọ̀pá awò tí ó tọ́ gbọnrangandan ni a wá ń fi sínú òrùka méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé. Etí òrùka nìkan ni yóò kàn án, kì í ṣe gbogbo inú rẹ̀. Bí a bá wá fún síkúrúù pọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀, irin ìbọn kò sì ní í jẹ́ òun ni. Awò ni yóò tẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹwà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé ọ̀pá kékeré mìíràn wà nínú ọ̀pá awò tí ó ń rìn sókè sódò nígbà tí a bá ń yí kókó orí awò láti tún ojú ìfọjúsun ṣe. Bí ọ̀pá òde bá tẹ̀ síbi tí ti inú ń gbà, ìyípo kókó yóò le tàbí kí ó má ṣe déédéé mọ́.

Ọ̀nà tí Burris gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti yé ni. Inú òrùka náà kò tọ́ bí inú páìpù. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọ̀ǹgbà bí inú igbá. Wọ́n wá ṣe ike líle méjì-méjì fún òrùka kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè, ẹ̀yìn ike náà sì wú síta ní ìwọ̀n tí inú òrùka fi wọ inú. Pos-Align ni wọ́n pe ike ìtẹ́nú yìí. Bí a bá gbé awò lé e, ike náà yóò yí fúnra rẹ̀ nínú òrùka bí orí egungun itan ṣe ń yí nínú ihò rẹ̀, títí méjèèjì yóò fi kọ ojú sí ìhà kan náà. Gbogbo inú ike ni ó ń kan ọ̀pá awò, kò sí etí kan tí ó ń gún un, bẹ́ẹ̀ ni ike fúnra rẹ̀ kò le tó èèpo alumíníọ̀mù láti ha á. Oríṣiríṣi rẹ̀ wà. Zee jẹ́ ti irin, ó sì ń wọ orí ìjókòó Weaver àti Picatinny, irú ìjókòó méjì tí wọ́n gé ihò sí ní ìdábùú. Rimfire wà fún ojú ìlà tóóró tí a ń rí lórí ọ̀pọ̀ ìbọn .22 àti ìbọn afẹ́fẹ́. XTR Signature tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe wà fún awò ńláńlá, títí kan èyí tí ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 34. Zee ni mo lò, ti íǹṣì kan (mìlímítà 25.4) àti ti mìlímítà 30. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ wọn ọ̀pá awò rẹ̀ kí ó tó sanwó, torí pé òrùka mìlímítà 30 kò lè di awò oníńṣì kan mú, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ wọn kò tó mìlímítà 5.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò bèèrè pé kí ló dé tí n kò fi lo òrùka lásán, kí n sì fi ọ̀pá irin àti ìpara oníyanrìn yọ inú rẹ̀ kí ó tọ́. Mo ti ṣe é rí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí ó ní sùúrù: a ó fi ìpara sínú òrùka, a ó máa ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn títí ojú tí ó ń dán yóò fi gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú òrùka, a ó sì fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé irin tí a bá yọ kò ní padà mọ́, inú òrùka náà yóò wà ní ìhòòhò, ìpẹtà yóò sì máa wá a kiri bí a kò bá fi òróró díẹ̀ nù ún. Ìjókòó tí a yọ òrùka náà lé lórí nìkan ni ó bá mu. Bí a bá gbé e lọ sórí ìbọn mìíràn, iṣẹ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ìyókù ìpara tí kò bá sì kúrò tán nínú òrùka ni yóò kọ́kọ́ ha awò tuntun. Òrùka Signature kò fẹ́ irú ìyọ̀nú bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tí ó bá sì fi ìpara oníyanrìn kan ike rẹ̀ ti bà á jẹ́.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìwé inú páálí kò tẹnu mọ́ tó: ọwọ́ wa máa ń ha awò kí òrùka tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìdajì ẹ̀bi àkọ́kọ́ jẹ́ tèmi. Mo ti òrùka mọ́ ara awò nígbà tí kò tíì ṣí tó, mo sì ń yí awò náà nínú òrùka tí mo ti fún mọ́ ọn lára, torí pé mo fẹ́ kí àgbélébùú inú rẹ̀, ìlà méjì tí a fi ń fojú sun, dúró ṣánṣán. Ibẹ̀ ni ilà méjì tí ó yí i ká ti wá. Ike Signature dín ewu yìí kù, kò pa á rẹ́. Bí hóró iyanrìn kan bá wà láàárín ike àti ọ̀pá, tí a sì yí awò, iyanrìn yẹn yóò ṣe iṣẹ́ sánpépà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, tí mo ṣí i sílẹ̀, tí mo fi ojú àti ìka wo ibi tí ọta ń wọ̀, tí mo sì gbé e sínú fáìsì (irin ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́) tí a fi aṣọ tẹ́, ohun tí ó kàn ni kí n fi aṣọ tí ó ní ọtí ìfọ̀dọ̀tí díẹ̀ nu inú òrùka, ẹ̀yìn ike, inú ike àti ọ̀pá awò. N kì í fi òróró kan ike. Òróró ni yóò jẹ́ kí awò máa yọ̀ síwájú bí ìbọn bá ń ta.

Ìjókòó àti ìsàlẹ̀ òrùka ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dè títí kí awò tó yọjú rárá. Ojú ihò ìjókòó Weaver fẹ̀ tó mìlímítà 4.57, ti Picatinny tí MIL-STD-1913, ìlànà iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti ọdún 1995, là sílẹ̀ sì fẹ̀ tó 5.23, fún ìdí yìí, òrùka tí a ṣe fún Weaver a máa ní àyè díẹ̀ láti mì lórí Picatinny. Mo máa ń ti òrùka síwájú títí ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ yóò fi kan ògiri ihò náà kí n tó fún un pọ̀, nítorí pé ìbọn ni ó ń ta sẹ́yìn, awò sì fẹ́ dúró sí ibi tí ó wà; ní ojú ìbọn, iwájú ni awò ń fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá ra irú tí òrùka iwájú rẹ̀ ń yí wọnú ìjókòó kò gbọdọ̀ fi awò ṣe ọwọ́ ìyípo láéláé. Ọ̀pá igi tàbí irin tí ó fẹ̀ tó íǹṣì kan ni kí ó lò. Ẹrù tí ọ̀pá awò ń rù nígbà tí a bá fi lọ́ òrùka líle bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ́ ike ìsàlẹ̀ sínú òrùka méjèèjì, tí a ó sì sọ awò kalẹ̀ lé wọn láti òkè, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé ọmọ sórí ibùsùn. A kò gbọdọ̀ fà á láti ẹ̀gbẹ́. Ike òkè tẹ̀ lé e, ìdérí òrùka sì bò ó, síkúrúù yóò sì wọlé díẹ̀ tí awò ṣì lè mì fàlàlà. Ìgbésẹ̀ yìí ni ó bí mi nínú jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé ike òkè a máa jábọ́ nígbà tí a bá ń gbé ìdérí wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi yóò sì fẹ́ ní ọwọ́ kẹta. Mo wá rí i pé bí mo bá fi ike náà lé orí awò kí n tó gbé ìdérí wá, dípò kí n fi sínú ìdérí, ó rọrùn. Ẹ tún rí i dájú pé òrùka kankan kò dé ibi tí ọ̀pá awò ti ń fẹ̀ sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, pé kò kan àpótí tí àwọn kókó wà, àti pé bébà tinrín lè kọjá láàárín ẹnu iwájú awò àti ọ̀pá ìbọn.

Ibi tí ojú yóò wà sí awò ni a ó wá wá báyìí, pẹ̀lú awò ní ìwọ̀n ìfàsúnmọ́ tí ó ga jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè ojú ti há jù. Nínú ọ̀pọ̀ awò ìbọn, ó máa ń wà láàárín mìlímítà 75 sí 100. Bí ó bá yẹ kí awò lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ tú síkúrúù síi, ẹ gbé awò díẹ̀ kúrò lórí ike, kí ẹ tó sún un. Ẹ má wọ́ ọ. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá ń yí i kí àgbélébùú lè dúró. Mo ń lo lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré lórí ìjókòó àti òmíràn lórí ìdérí kókó awò. Èyí ni mo fi fẹ́ràn Signature ju àwọn òrùka tí síkúrúù wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: ní tiwọn, bí a ti ń fún síkúrúù ni awò ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, a ó tú u, a ó tún un fún, ìyípo kọ̀ọ̀kan yóò sì máa ha á. Ti Zee ní síkúrúù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, awò kì í sì í kúrò níbi tí mo bá fi í sí bí mo bá ń fún wọn ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń wo àlàfo tí ó wà láàárín ìdérí àti ìsàlẹ̀ kí ó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ń gbìyànjú láti pa á dé ń pọ́n awò lójú ni.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà sì lè ti rí síkúrúù òrùka kí wọ́n tó sọ ọ́. Vortex, tí òun náà ń ṣe awò, sọ pé 15 sí 18 íǹṣì-pọ́ọ̀nù (òṣùwọ̀n agbára ìyípo) ni kí a fi fún síkúrúù ìdérí òrùka, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi newton-mítà 1.7 sí 2.0. Ó kéré sí ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Nígbà tí mo fi sukudiráfà olóṣùwọ̀n dán ọwọ́ ara mi wò, ohun tí mo pè ní "díẹ̀díẹ̀" ti kọjá 25. Bí ẹ bá ní owó fún ohun èlò kan ṣoṣo lẹ́yìn òrùka, sukudiráfà olóṣùwọ̀n ni kí ẹ rà. Ìwé tí ó bá awò wá àti èyí tí ó bá òrùka wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí wọn kò bá bára mu, èyí tí ó kéré ni mo máa ń gbà. Ní ti gọ́ọ̀mù tí a ń fi sí ẹsẹ̀ síkúrúù kí ó má baà tú fúnra rẹ̀, mo ń fi irú aláwọ̀ búlúù sí ti ìjókòó nìkan. Bí ó bá wà ní tútù lára síkúrúù ìdérí, a máa jẹ́ kí ó yọ̀ wọlé, òṣùwọ̀n yóò ka 18 nígbà tí ìfúnpọ̀ gidi ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí òrùka yìí ń ṣe tí n kò rà á fún, ṣùgbọ́n tí mo ti ń lò. Wọ́n ṣe àwọn ike mìíràn ní méjì-méjì, tí ọ̀kan nípọn ju ike lásán lọ, tí ìkejì sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì 5, 10 tàbí 20, pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lára wọn. Bí a bá fi àfikún 20 sí ìsàlẹ̀ òrùka ẹ̀yìn, tí a fi ìyọkúrò 20 sí ìsàlẹ̀ òrùka iwájú, tí íǹṣì márùn-ún sì wà láàárín òrùka méjèèjì, ẹ̀yìn awò yóò ga tó bẹ́ẹ̀ tí a ó rí nǹkan bíi MOA 27 (MOA kan jẹ́ ìdá ọgọ́ta dígírì kan) kún ohun tí kókó awò ní fún ìbọn ọ̀nà jíjìn. Nínú òrùka lásán, ṣe ni irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá gé awò jẹ. Mo lò ó lórí .308 mi nítorí pé kókó awò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin rẹ̀ kí ọta tó kan ibi tí mo fẹ́.

Àléébù rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Òrùka Zee wúwo, ó sì nípọn lójú. Ẹni tí ó fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ rí wẹ́rẹ́ kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ike kékeré ni ó gbé gbogbo iṣẹ́ rù, ike kékeré a sì máa sọnù nílẹ̀ ilé. Mo ti kúnlẹ̀ wá ọ̀kan fún wákàtí kan lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá dá àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò rú, ẹ ó yìnbọn sí ibi tí ẹ kò rò. Lórí ìbọn tí ó ń ta gan-an bíi .300 Winchester Magnum, pẹ̀lú awò wíwúwo, n kò tíì lò ó, XTR tí ó ní síkúrúù púpọ̀ ni mo sì máa kọ́kọ́ yàn níbẹ̀. Ẹni tí ìjókòó àti òrùka rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ gíga, tí wọ́n gé pọ̀ lára irin kan, kò nílò rẹ̀. Òrùka irú ìyẹn ti tọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bíi igba ọta lórí .308 náà, mo tú ìdérí òrùka méjèèjì. Kí n tó dè é ni mo ti fi bírò funfun sàmì sára ọ̀pá awò ní etí òrùka ẹ̀yìn, àmì náà kò sì kúrò níbi tí mo fi í sí. Òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí ike ti jókòó, bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan dígí. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kúrò.